Ọ̀gá Tí A Kò Rí Ojú Rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa gbogbo, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a gbọ́ ọ kí ẹlòmíràn má baà ṣubú sínú kòtò tí èmi ṣubú sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí abẹ́ ìwé kan, tí mo gbà láti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọmọkùnrin kan tí ń lọ sí Èkó láti máa fi alùpùpù gbé oúnjẹ àti ẹrù kiri. Ojú-ewé mẹ́rin ni ìwé náà. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, ojú-ewé ìkẹyìn nìkan ni mo kà, nítorí pé ibẹ̀ ni àyè tí a ó fọwọ́ sí wà.

Ọmọ ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀bá ọjà Òsì ni ọmọkùnrin náà. Lọ́dọ̀ mi ni ó ti kọ́ bí a ti ń ka ìwé, lọ́dọ̀ mi náà ni ó ti kọ́ bí a ti ń ṣírò owó èlé. Baba rẹ̀ kú, ó sì fi oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún un, oko tí ó dára, ṣùgbọ́n tí ó jìnnà sí ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé agbègbè wa, láti Òsì dé Àràròmí-Ọ̀pin, àti láti Ìlọfà dé Odò-Ọwá, ẹ mọ̀ bí ọ̀nà oko ti dà láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ọba Kòrò, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tiwa yìí, wọ́n sì pa ọba náà nínú ilé rẹ̀. Bí a bá lè pa ọba mọ́ ààfin, ta ni yóò dá nìkan lọ sí oko etílé, kí a má tilẹ̀ sọ oko ọ̀nà jíjìn?

Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ dákun, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ó sàn kí ó wà ní Èkó kí n máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù, ju kí ó wà lóko kí n máa wo ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.” Kí ni mo lè sọ sí èyí? Mo mú kálàmù mi, mo sì fọwọ́ sí i.

Kí n tó sọ ohun tí ó wà nínú ojú-ewé mẹ́ta tí èmi kò kà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí àwọn baba wa ti ń ṣe àdéhùn iṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìlú tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ ni ìlú wa. Òsì ni Aréògún ti gbẹ́ igi títí ó fi kú ní ọdún 1954. Odò-Ọwá ni Bámgbóyè ti gbẹ́ tirẹ̀. Àwọn iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní ilẹ̀ wa àti ní òkè òkun. Bándélé ọmọ Aréògún jogún iṣẹ́ baba rẹ̀, lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti wá kọ́ṣẹ́ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ọmọ bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀, ìyà kò ṣàì sí níbẹ̀. Ọmọ-ọ̀ṣẹ́ a máa pọnmi, a máa ro oko ọ̀gá rẹ̀, a sì máa gba ìbáwí. Ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì mọ ilé baba rẹ̀. Bí ó bá fi ẹdùn gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, ilé ọ̀gá rẹ̀ ni a ó ti dì í. Bí ọ̀gá bá sì rẹ́ ọmọ náà jẹ, àwọn àgbà ìdílé yóò dìde lọ bá a, wọn yóò sì jókòó sí ojúde rẹ̀ títí yóò fi jáde sí wọn.

Ìwọ̀fà pàápàá, tí gbogbo wa mọ̀ pé kò dára, tí ó sì dára pé ó ti kọjá lọ, ìwọ̀fà pàápàá ní ìlànà. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, ṣe àlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní ìwọ̀n iṣẹ́ tí yóò ṣe fún olówó, ìyókù àkókò rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Onígbọ̀wọ́ wà láàárín wọn, ẹni tí àwọn méjèèjì mọ̀. Èmi kò sọ pé kí a padà sí ayé ìwọ̀fà. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú gbogbo àdéhùn wọ̀nyí, àti rere àti búburú, ojú ń rí ojú.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ tuntun yìí ti rí. Dispatch ni àwọn ará Èkó ń pe àwọn tí ń ṣe é. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà tí ń gbé èrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà àti ní àwọn òpópónà ńláńlá. Ilé-iṣẹ́ bíi Gokada, tí àwọn ènìyàn ti ń fi fóònù pe ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀, yí padà sí gbígbé ẹrù. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí àrùn Kòrónà fi sé àwọn ará Èkó mọ́lé, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta. Ẹni tí kò lè jáde sì ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé oúnjẹ wá bá a. Ní ọdún 2021 Glovo dé láti ilẹ̀ Sípéènì, Chowdeck tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá yára dé a máa yára lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Bolt Food àti Jumia Food pa iṣẹ́ oúnjẹ gbígbé tì ní Nàìjíríà nínú oṣù kan ṣoṣo, àwọn tí ń bá wọn gbé e sì ní láti wá ibòmíràn lọ.

Ọmọkùnrin tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà yóò wá alùpùpù, fóònù, ìwé ìwakọ̀, àti onígbọ̀wọ́. Ní òwúrọ̀ yóò tan ètò inú fóònù náà, èyí tí wọ́n ń pè ní áàpù. Bí ẹnìkan bá ra oúnjẹ ní itòsí, fóònù yóò dún, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni a sì fún un láti gbà tàbí láti kọ̀. Bí ó bá ń kọ̀ léraléra, iṣẹ́ yóò máa fò ó dá. Bí ọ̀nà bá ti jìn tó ni a fi ń ṣírò owó rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n àkókò tí ó fi dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ, àti èyí tí ó fi há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, owó díẹ̀ ni ó bá a dé. Epo, dátà, táyà, àtúnṣe, àti owó ìtanràn, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo wọn wà.

Nínú fóònù, a kì í pè é ní òṣìṣẹ́. Alábàáṣepọ̀ ni a ń pè é. Orúkọ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n alábàáṣepọ̀ tí kò mọ iye tí ilé-iṣẹ́ ń rí, tí kò sì ní ẹnu nínú iye tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbà, irú àbáṣepọ̀ wo nìyẹn?

Èmi kò mọ gbogbo èyí nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní oṣù Keje ọdún 2024 mo lọ sí Èkó nítorí àìsàn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé Súrùlérè. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù ra ìrẹsì àti ẹja fún gbogbo wa. Wọ́n ní yóò dé ní ogójì ìṣẹ́jú. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ó gbà. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé e wá tutù rinrin bí ẹni tí a fà yọ láti inú odò. Ó tẹríba, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, omi ti bo ọ̀nà.” Ọbẹ̀ ti dà sínú ọ̀rá. Ebi ń pa mí, mo sì bá a wí bí mo ti í bá ọmọ tí ó pẹ́ dé ilé-ìwé wí. Nígbà tí ó lọ tán, fóònù béèrè pé ìràwọ̀ mélòó nínú márùn-ún ni a fẹ́ fún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi na fóònù náà sí mi. Mo tẹ ìràwọ̀ kan, mo sì jẹun mi.

Ní ọjọ́ kejì ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó sì kó ọsàn díẹ̀ wá. Mo sọ ìtàn ọbẹ̀ tí ó dà fún un gẹ́gẹ́ bí ohun ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Bàbá Tíṣà, ṣé ìràwọ̀ kan ni ẹ fún un?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó lè gbọ́n lọ́jọ́ mìíràn.”

Ó wolẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn. Ó ní, “Ẹ má bínú sí mi, sà. Ìràwọ̀ yẹn ni ìwà wa lójú ẹ̀rọ. Bí ó bá wálẹ̀, iṣẹ́ tí ó dára kì í dún lórí fóònù wa mọ́. Bí ó bá wálẹ̀ jù, a ó jí lọ́jọ́ kan kí a rí i pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.”

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ta ni ẹ lè lọ bá, láti ṣàlàyé fún pé òjò ni?”

Ó ní, “Kò sí ẹnìkan, sà. A lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú fóònù. Ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń dáhùn.”

Oúnjẹ àná yí padà nínú mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rí ojú mi ní ẹnu ọ̀nà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò rí ọwọ́ mi lórí fóònù. Mo gbìyànjú láti bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bí a ó ti ṣe mú ìràwọ̀ náà padà. A kò rí i ṣe. Èmi tí mo ń bínú sí ọ̀gá tí kò ní ojú nísinsìnyí, èmi náà ti jẹ ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ fúnra rẹ̀ ṣubú. Ó gbé oúnjẹ dání ní alẹ́, ó ń bọ̀ ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ọkọ̀ kan sì yà sí iwájú rẹ̀ lójijì. Alùpùpù wó lé e, egungun ojúgun rẹ̀ sì dá. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ni ó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Àwọn méjì tí wọ́n jẹ́ dispatch bíi tirẹ̀, tí wọ́n ń kọjá lọ, ni wọ́n pa iṣẹ́ tiwọn tì, tí wọ́n gbé e, tí wọ́n sì dá owó tí wọ́n fi gba káàdì fún un. Nígbà tí ó la ojú tí ó sì wo fóònù rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti ti àkáǹtì rẹ̀ pa nítorí oúnjẹ tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á.

Kò fẹ́ kí ìyá òun mọ̀, nítorí náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ta alùpùpù fún un ní owó díẹ̀díẹ̀ ni mo ti gbọ́. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ ni fóònù mi dún, ohùn kan sì béèrè pé, “Ṣé ẹ̀yin ni onígbọ̀wọ́?” Kò kí mi, kò sì sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ní ọmọ náà kò san owó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti pé èmi ni wọn yóò wá mú. Ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ìlú ńlá ti bà á jẹ́, pé ó ti ná owó olówó. Ìyàwó mi ni ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó wà láàyè ná.”

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Mo bá a lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú simẹ́ǹtì funfun, ó sì ń bẹ̀ mí dípò kí èmi máa bẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ ni èmi àti òun ti jọ mú ìwé, tí a sì ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí a ti ṣe ní oṣù Kẹta. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá wa ṣe é.

Owó alùpùpù jẹ́ ₦30,000 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 78. Ìyẹn jẹ́ ₦2,340,000. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ta irú rẹ̀ ní Òmù-Àrán, ó ní òun ń tà á ní ₦1,400,000 lówó lójú. Nítorí náà èlé orí rẹ̀ jẹ́ ₦940,000, lọ́wọ́ ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò owó èlé.

Ní ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀, yóò rí iṣẹ́ méjìlá, yóò sì pa ₦13,000. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan kò tó ₦200. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 tí a ń wí yìí, ó ti tó nǹkan bí ₦1,000. Lítà mẹ́ta lójúmọ́ jẹ́ ₦3,000. Ìpín owó alùpùpù fún ọjọ́ kan, nínú ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, jẹ́ ₦5,000. Oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ₦2,000, dátà ₦500, ọ́ìlì àti táyà ₦500. Àpapọ̀ ìnáwó rẹ̀ jẹ́ ₦11,000. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún wákàtí mẹ́rìnlá nínú oòrùn àti òjò jẹ́ ₦2,000, nínú èyí tí yóò ti san owó ilé, tí yóò sì ti fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ méje ni ó rí lọ́jọ́ náà, gbèsè ni yóò gbé wálé. Mo wá mọ ìdí tí wọ́n fi ń sáré bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, tí a sì ń pè wọ́n ní aláìgbọ́ràn.

Lẹ́yìn èyí mo wá ọ̀gá rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ìdílé ìbá ti ṣe láyé àtijọ́. Ní ọ́fíìsì ẹni tí ó ta alùpùpù, akọ̀wé kan ṣí ojú-ewé kẹta ìwé wa fún mi. Ó wà níbẹ̀ gbangba: bí owó ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsan, wọn yóò gba alùpùpù padà, owó tí a ti san kì yóò sì jẹ́ ti ẹni tí ó san án mọ́, onígbọ̀wọ́ ni yóò san gbèsè tí ó bá kù àti owó àtúnṣe. Ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọmọ náà ti fi sanwó, ₦840,000 gbáko. Gbogbo rẹ̀ ti wọlẹ̀.

Ní ilé-iṣẹ́ tí ó ni áàpù, èmi kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́dẹ ibẹ̀, ẹni tí ó ní ojú àánú, sọ fún mi pé, “Bàbá, wọn kì í gba dispatch níbí. Inú fóònù ni wọ́n ti ń bá wọn sọ̀rọ̀.” Mo dúró ní ìta fún wákàtí méjì. Mo ń wo ilé alájà púpọ̀ náà, mo sì ń rò pé nínú gbogbo fèrèsé yìí, kò sí ọ̀kan tí mo lè tọ́ka sí pé ibẹ̀ ni ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wa jókòó sí. Ojúde kò sí tí àgbà lè jókòó sí.

Èmi kò fẹ́ kí a rò pé Nàìjíríà nìkan ni ọ̀ràn yìí wà. Àwọn onídàájọ́ pàápàá ń béèrè pé, “Ta ni ọ̀gá?” Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ní Èkó, dá ẹjọ́ àwọn awakọ̀ tí wọ́n ní kí a kà àwọn sí òṣìṣẹ́ Uber nù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2021 pé àwọn awakọ̀ Uber ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, bí owó oṣù tí kò gbọdọ̀ dín ní iye kan àti ìsinmi tí a sanwó fún. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé àwọn tí ń gbé oúnjẹ fún Deliveroo kò sí ní irú ipò bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n lè rán ẹlòmíràn lọ dípò ara wọn. Ní Sípéènì, òfin ọdún 2021 pa á láṣẹ pé kí a ka ẹni tí ń gbé oúnjẹ fún áàpù sí òṣìṣẹ́, kí ilé-iṣẹ́ sì jẹ́ kí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ mọ ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń pín iṣẹ́. Ìyẹn ni pé òfin fi ipá mú ọ̀gá láti yọ ojú síta.

Àwa náà ní òfin kan tí ó dára, èyí tí a ṣe ní ọdún 2010, tí ó ní kí a san owó fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni ó mọ̀. Kò dárúkọ alábàáṣepọ̀. Ẹ wá rí iṣẹ́ tí orúkọ dídùn ń ṣe.

Níkẹyìn mo san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ₦180,000, àti owó àtúnṣe, ₦140,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦320,000, owó tí mo ti ń kó jọ láti fi pàrọ̀ páànù òrùlé mi. Òjò ọdún tí ó tẹ̀lé e bá wa nínú ilé pẹ̀lú abọ́ àti garawa. Ìyàwó mi kò fi bú mi. Ìyá ẹlẹ́kọ ń gbé ẹ̀kọ wá fún wa lárààárọ̀ láìgba owó, títí mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dẹ́kun.

Ọmọ náà wálé, ó gbé ọ̀pá fún oṣù mẹ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jinná, bí ó tilẹ̀ ń tiro díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ó tún wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ padà sí Èkó, sí iṣẹ́ kan náà, òun sì ń wá onígbọ̀wọ́. Èmi kò lè dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní, “Ṣé o kò rí ohun tí ó ṣe ọ́ ni?” Ó ní, “Mo rí i, sà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ èyí tí kí n ṣe nílé.” Ọ̀nà oko kò tíì dára. Èmi kò ní iṣẹ́ tí mo lè fún un. Ìbéèrè rẹ̀ borí mi.

Nítorí náà a wá ẹlòmíràn lọ. A rí ọmọ Òsì kan tí ń gbé Agége, tí ó ní alùpùpù mẹ́ta tí ó ń fún ènìyàn san díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó wálé fún ìsìnkú, a jókòó ní ilé ìyá ẹlẹ́kọ, ọkùnrin náà, ọmọ náà, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, àti èmi. Mo kọ àdéhùn náà ní èdè wa sí ojú-ewé kan ṣoṣo, mo sì kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Bí àìsàn tàbí ìpalára bá dé, a kì yóò ka ọ̀sẹ̀ wọnnì. Bí kò bá lè san án tán, a ó ta alùpùpù náà, olúkúlùkù yóò sì gba ìpín tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí ó ti fi sí i. Ọkùnrin náà jiyàn díẹ̀, kò sì fara mọ́ gbogbo ohun tí mo kọ́kọ́ kọ. Ṣùgbọ́n ojú ìyá ọmọ náà wà lára rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Nígbà náà ni èmi náà fọwọ́ sí i.

Èmi kì yóò tàn yín jẹ pé ọ̀ràn ti parí. Ẹni tí ó ta alùpùpù ní ojú nísinsìnyí. Áàpù tí ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ fún kò tíì ní. Àdéhùn abúlé kò lè dé inú ilé alájà púpọ̀ yẹn. Òfin nìkan ni ó lè wọ ibẹ̀, àti ohùn àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n bá fi ohùn ṣọ̀kan, nítorí àìrìn pọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà.

Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ ní iṣẹ́ tiwa láti ṣe. Àwọn ọmọ tí ń jáde ní ilé-ìwé wa yóò lọ sí Èkó, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn láti ka ojú-ewé gbogbo kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìkẹyìn, kí wọ́n sì béèrè ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí kí wọ́n tó gba iṣẹ́: Ta ni ọ̀gá mi, níbo ni mo ti lè rí i? Èló ni yóò kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn epo àti gbèsè? Bí mo bá ṣubú, ta ni yóò gbé mi? Bí a bá fi ẹ̀sùn kàn mí, ta ni yóò gbọ́ tẹnu mi? Bí iṣẹ́ kan kò bá ní ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn, kí ọmọ náà mọ̀ kí ó tó wọ inú rẹ̀, kí ó sì fi owó díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ náà.

Àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú ńlá, tí a ń gbé oúnjẹ wá bá ní ẹnu ọ̀nà, mo bẹ̀ yín. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jẹ́ iṣẹ́ yín bí ọmọ. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí oúnjẹ sì pẹ́, ẹ wo ojú ẹni tí ó dúró níwájú yín kí ẹ tó tẹ ohunkóhun lórí fóònù yín. Títí di òní èmi kò mọ orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fún ní ìràwọ̀ kan ní Súrùlérè. Bí ó bá ṣe pé mo mọ̀ ọ́n ni, èmi ìbá ti lọ sí ilé baba rẹ̀ lọ tọrọ àforíjì.